Ìyàwó Tí Ìyá Onílé Fẹ́ Rí

Ẹni tí kò bá wá ilé rí ní Ọ̀wọ̀ lọ́dún tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Pólì ya wọ ìlú, kó dúpẹ́ lọ́wọ́ orí ẹ̀ kó tó jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ọdún 1981 ni mò ń sọ. Yàrá tí wọ́n ń kó iṣu sí tẹ́lẹ̀ di yàrá akẹ́kọ̀ọ́. Ibi tí adìẹ ń sùn, wọ́n gbá a, wọ́n kùn ún lẹ́fun, ó di yàrá akẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ Ìjẹ̀bú, ọmọ Èkìtì, ọmọ Ìbàdàn, gbogbo wọn ló ń wá ibi tí wọ́n á forí lé, àwọn onílé sì ń yan èyí tó wù wọ́n bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni mo fẹ́ sọ, mi ò gbàgbé. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí kò ní yàrá, kí lèèyàn fẹ́ fi í ṣe?

Sìlífátù ni ọmọ kan ṣoṣo tí Jímọ̀ aránfìlà bí. Ìtòsí Ọjà Ọba ni ṣọ́ọ̀bù Jímọ̀ wà, níwájú ilé ẹ̀. Ìyàwó ẹ̀ ti kú nígbà tí ọmọ náà ò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì, kò sì fẹ́ ẹlòmíì. Òun ló di irun fún ọmọ ẹ̀, òun ló kọ́ ọ ní fìlà rírán. Nígbà tí Sìlífátù fi máa pé ọmọ ogún ọdún, ọwọ́ ẹ̀ ti yá ju ti bàbá ẹ̀ lọ. Bàbá náà mọ̀, kò kàn ní fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ ni.

Fìlà náà ló mú Ọlámúyìwá wá. Ọmọ Ìdógùn ni, òun ló ń tọ́jú sítọ́ọ̀ ní Pólì, ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan sì fẹ́ gbéyàwó. Ó wọ gbogbo fìlà tó wà lórí okùn, kò sí èyí tó kọjá iwájú orí ẹ̀.

"Ẹ má bínú, sà," ni Sìlífátù wí, ẹ̀rín ti ń gbọ̀n ọ́n nínú. "Àfi kí n wọn orí yín."

"Ṣé orí mi ló jẹ̀bi báyìí?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Fìlà wa ló kéré."

Ó fi téèpù yí orí náà ká. Ọwọ́ tó ti wọn orí àwọn ìjòyè, tó ti wọn orí àwọn àlùfáà, wá wọn orí ọmọkùnrin olórí ńlá yìí lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì ka téèpù náà títí kí nọ́ńbà tó wọ̀ ọ́ lójú. Múyìwá padà wá bi í bóyá fìlà ti parí. Ó tún padà wá sọ pé ó ń há òun díẹ̀. Ó tún wá padà wá sọ pé ó ti dáa báyìí. Ẹ wá sọ fún mi, ta ló ń ti ọ̀nà jínjìn wá sọ fún aránfìlà pé fìlà òun dáa? Jímọ̀ wò ó láti orí máṣìnnì, ó wo ọmọ ẹ̀, ó sì tẹjú mọ́ iṣẹ́ ẹ̀.

Ẹni tó wá ń ṣe alárinà wọn ni Rhoda. Ọmọ Ìpele ni Rhoda, onígbàgbọ́, òun àti Sìlífátù ló jọ kọ́ṣẹ́ ìránṣọ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà kó tó lọ gba iṣẹ́ ìdáná ní ọsibítù, tó ń se oúnjẹ àwọn aláìsàn. Òun ló ń gbé ọ̀rọ̀ lọ, tó ń gbé ọ̀rọ̀ bọ̀. Rhoda kò burẹ́wà, àmọ́ kò sí ẹni tó ń wá a wá. Ó máa ń fi ara ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé alárinà ni Ọlọ́run dá òun, pé ẹsẹ̀ òun ni ọkọ òun. Sìlífátù á rẹ́rìn-ín, á ní kó fẹnu ẹ̀ sọ rere.

Nígbà tó yá, Múyìwá wá dọ̀bálẹ̀ fún Jímọ̀. Sìlífátù wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń gbọ́ ọ.

"Níbo lò ń gbé?" ni Jímọ̀ bi í.

"Lọ́nà Ìkàrẹ́, sà. Ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan, Sylvanus. Tíṣà ni."

"Yàrá mélòó ni?"

"Ẹyọ kan, sà."

"Èwo nínú yín ló ni bẹ́ẹ̀dì?"

"Òun ni, sà. Èmi ń tẹ́ ẹní."

Jímọ̀ mí kanlẹ̀. Kì í ṣe ẹni tó máa ń fi ohùn òkè bá ọmọ ọlọ́mọ sọ̀rọ̀. "Ọmọ mi, pé o jẹ́ onígbàgbọ́, mo lè bá àwọn ẹbí mi sọ ọ́ títí wọ́n á fi gbà. Ẹni tó ń sùn nísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì ẹlòmíì, kí ni mo fẹ́ bá wọn sọ níbẹ̀? Lọ wá ilé. Yàrá àti pálọ̀, tó jẹ́ pé ìwọ nìkan lo ni kọ́kọ́rọ́ ẹ̀. Bí ọdún Ìgògò bá fi kọjá tí o ò tíì rí i, má bínú sí mi. Hàmídù tó ń taṣọ ní Ìkàrẹ́ ti rán èèyàn sí mi lórí ọmọ yìí, mi ò tíì dá a lóhùn."

Hàmídù yẹn, ẹni jẹ́jẹ́ ni. Kò sí àléébù kan tí Sìlífátù lè tọ́ka sí lára ẹ̀. Ìyẹn gan-an ló bà á lẹ́rù jù.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé nìyẹn. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday, Múyìwá á máa lọ ní ẹ̀gbẹ́ kan títì, Sìlífátù á máa lọ ní ẹ̀gbẹ́ kejì bí ẹni pé wọn ò mọra wọn rí. Bó bá rí ilé tó wù ú, á wúkọ́. Múyìwá á yà síbẹ̀, òun á dúró máa bá ẹni tó ń ta bọ̀ọ̀lì nájà. Wọ́n rí ilé kan ní Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ tó jẹ́ pé èèyàn lè dùbúlẹ̀ nínú yàrá kó máa wo ìràwọ̀. Onílé ní atẹ́gùn ni òun fi í sílẹ̀ fún. Wọ́n rí òmíràn tí ṣáláńgá ẹ̀ kọjú sí wíńdò. Bàbá kan bi Múyìwá léèrè ìjọ tó ń lọ, nígbà tó sì gbọ́ ọ, ó ní ẹlẹ́rìí Jésù ni òun ń fẹ́ nínú ilé òun. Ẹlòmíì sọ ọ́ kedere pé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́ta lòun á kó sínú yàrá kan náà, pé kí lòun fẹ́ fi tọkọtaya ṣe.

Síbẹ̀, inú Sìlífátù ò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé ẹ̀. Nínú gbogbo ilé yẹn, títí kan èyí tó ń jò, ó ti mọ ibi tí bẹ́ẹ̀dì máa wà àti ibi tí òun máa gbé máṣìnnì sí. Lọ́jọ́ kan tí òjò lé wọn wọ inú ilé àwọn nǹkan àtijọ́ tó wà lágbàlá ààfin, wọ́n dúró pọ̀ síwájú àwọn ère ibẹ̀. Múyìwá bi í bóyá ó lè rán fìlà tó máa bá orí wọn mu. Ó ní òun ti rán fún orí tó ju ìyẹn lọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ fi yọjú wò wọ́n. Nígbà tí òjò dá, wọ́n ra àkàrà àti búrẹ́dì, wọ́n jẹ ẹ́ lórí ìdúró, Múyìwá ní, "Bí a bá rí ilé, mi ò ní dúró jẹun mọ́ láyé mi."

Ọ̀nà Ìdáṣẹn ni wọ́n ti wá rí i. Yàrá àti pálọ̀ lẹ́yìn ilé, tó hàn sójú títì, ilẹ̀kùn ẹ̀ lọ́tọ̀, ilé ìdáná ẹ̀ lọ́tọ̀, igi gúáfà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Láti ojú títì ni Sìlífátù ti rí i, ó sì wúkọ́ bí ẹni tí egungun ẹja há lọ́fun. Múyìwá wọlé lọ. Ìgbà tó jáde, ojú ẹ̀ ti yí padà.

Ìyá Oyèkẹ́, opó kan tó ti dàgbà, ló ni ilé náà. Ó ní ilé òun wà lóòótọ́, ọmọ náà sì wu òun, àmọ́ òun kì í gba àpọ́n. Àpọ́n tó gbé ibẹ̀ gbẹ̀yìn, obìnrin tó wọlé lọ́jọ́ Friday kọ́ ló ń jáde lọ́jọ́ Sunday. "Ìyàwó ẹ dà?" ló bi Múyìwá. "Lọ mú un wá. Kí n rí i, kí n gbàdúrà sí i lórí, kí ẹ máa kó bọ̀."

Ẹ̀yìn ilé ìdáná ọsibítù ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pàdé lórí ọ̀rọ̀ náà. Sìlífátù ni kò jẹ́ kí wọ́n jókòó kó tó bẹ̀rẹ̀.

"Èmi ò lè lọ. Bí ìyá yẹn ò bá tiẹ̀ mọ̀ mí, àwọn tó ń kọjá á mọ ọmọ Jímọ̀ aránfìlà. Bí wọ́n bá pè mí níyàwó níbẹ̀ láàárọ̀, bàbá mi á ti gbọ́ kílẹ̀ tó ṣú. Rhoda, ìwọ ni kó o lọ."

Rhoda wò ó. "Kí n lọ pe ara mi níyàwó ọkọ ẹ?"

"Ọjọ́ kan péré."

"Sìlí, irọ́ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń pa fún ọjọ́ kan."

"Ṣé ká kúkú wá ibòmíì?" ni Múyìwá wí.

"Ibo ló kù?" Sìlífátù ló dáhùn. "Ìgògò ti ń sún mọ́lé. Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n gbé mi lọ sí Ìkàrẹ́ ni? Tí mo bá ti di ìyàwó, tí mo ti wọlé, èmi fúnra mi á kúnlẹ̀ sọ fún ìyá yẹn. Ìyàwó tó ti wọlé, ta ló máa lé e jáde?"

Ó dì mọ́ Rhoda, ó bẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú omi lójú. Mo fẹ́ kí ẹ fi èyí sọ́kàn, torí àwọn kan ti wá ń sọ ọ́ bí ẹni pé ọ̀rẹ́ ló dalẹ̀ ọ̀rẹ́. Rhoda ò fẹ́ lọ. Múyìwá ò fẹ́ kó lọ. Sìlífátù ló bẹ̀ wọ́n.

Rhoda wọ bùbá tó fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó wé gèlè, ó lọ. Ìyá Oyèkẹ́ mú un kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ọwọ́ lé e lórí, ó gbàdúrà fún un nípa ọkọ, nípa ọmọ, nípa àlàáfíà. Ó wá ní òun ò jẹ́ kí ẹrù ọkùnrin ṣáájú iná obìnrin wọ ilé òun, pé ìyàwó ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dáná níbẹ̀. Ni Rhoda bá dáná. Ó se iṣu, ó fi ẹja gbígbẹ se ọbẹ̀, àwọn àti ìyá onílé jọ jẹ ẹ́. Nígbà tó ń sọ ọ́ fún Sìlífátù lọ́jọ́ kejì, ẹ̀rín pa àwọn méjèèjì débi tí Jímọ̀ fi béèrè ohun tó ń dùn mọ́ wọn.

Múyìwá wá sọ fún Jímọ̀ pé òun ti rílé. "Ó dáa," ni Jímọ̀ wí. "Bí Ìgògò bá ti kọjá, kí àwọn èèyàn rẹ wá." Ọjọ́ yẹn, Sìlífátù rán fìlà títí, kò mọ̀ pé ilẹ̀ ti ń ṣú.

Àṣé ìyá onílé kì í ṣe ẹni tó ń rí ìyàwó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lọ́sẹ̀ kejì ó ní, "Múyìwá, ìyàwó dà?" Múyìwá ní ó wà níbi iṣẹ́. Lọ́sẹ̀ kẹta, ìyá náà ní iṣẹ́ wo ni iṣẹ́ tí kì í jẹ́ kéèyàn wálé? Bí Rhoda ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi ẹ̀ nìyẹn. Á gbálẹ̀, á dáná, á bá ìyá Oyèkẹ́ ṣa ẹ̀fọ́, á sì padà sí ilé tó ń gbé nítòsí ọsibítù nígbà tí oòrùn bá wọ̀. Wọ́n ní kí ìyá náà má bínú, pé àárọ̀ kùtù ni ọ̀gá ẹ̀ ń fẹ́ kó wà níbi iṣẹ́.

Sìlífátù ra aṣọ aláwọ̀ ewé, ó fi rán kọ́tìnnì fún ilé náà. Òun ò lè gbé e lọ. Rhoda ló gbé e lọ.

"Ó rẹwà," ni Rhoda sọ nígbà tó dé. "Mo gé e nísàlẹ̀ díẹ̀. Ó gùn ju wíńdò lọ."

Sìlífátù ní ó dáa. Lẹ́yìn tí Rhoda lọ tán ni ọ̀rọ̀ náà wá ń dùn ún. Òun ló rán an, òun ló ni ilé, kò sì mọ bí wíńdò náà ṣe gùn tó.

Lọ́jọ́ mìíràn, wọ́n ń sọ̀rọ̀ oúnjẹ, Rhoda ní, "Kì í fẹ́ ata púpọ̀, ṣé o mọ̀? Inú á máa ta á."

"Mo mọ̀," ni Sìlífátù wí. Kò mọ̀. Kò se oúnjẹ kankan fún Múyìwá rí. Ibo ni ì bá ti sè é?

Nígbà tí ìyá Oyèkẹ́ wá lọ sí Ìfọ̀n láti lọ bá ọmọ ẹ̀ obìnrin wẹ ọmọ tuntun, ara tu Sìlífátù. Ó ní, "Rhoda, o ti bọ́ nìyẹn. Lọ sinmi." Rhoda ní, "Ọlọ́run ṣeun." Ìyá náà pẹ́ níbẹ̀ dáadáa kó tó dé.

Ìgògò wá dé. Ẹni tó bá mọ Ọ̀wọ̀, ó mọ̀ pé kò sí ọkùnrin tó ń dé fìlà lákòókò yẹn, kò sí obìnrin tó ń wé gèlè. Gbogbo orí á wà ní òfìfo. Orí òfìfo, ẹ mọ ohun tó jẹ́ fún aránfìlà. Máṣìnnì Jímọ̀ dákẹ́. Ọwọ́ ẹ̀ dilẹ̀, ó wá ráyè ṣe ohun tí bàbá ọmọ gbọ́dọ̀ ṣe.

Ta ló ń fọmọ fọ́kọ láìṣe ìwádìí? Ọmọdé gan-an mọ̀ ọ́n. Bí ọkùnrin bá fẹ́ ọmọ rẹ, wàá lọ síbi tó ń gbé, wàá bi àwọn tó bá a gbé léèrè ìwà ẹ̀. Sìlífátù fúnra ẹ̀ ti bá àwọn ìyá ẹ̀ ní ilé ńlá sọ̀rọ̀ ìwádìí àìmọye ìgbà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dá ọgbọ́n ilé, wọ́n dá ọgbọ́n ìyàwó, kò sí ẹni tó rántí pé inú ilé yẹn náà ni wọ́n máa wá ti béèrè wò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Jímọ̀ wọlé láti ìta, ó bọ́ bàtà, ó jókòó. Sìlífátù gbé omi fún un. Kò mu ún.

"Mo ya ọ̀dọ̀ ìyá yẹn lọ́nà Ìdáṣẹn," ló wí.

Sìlífátù gba ife omi náà lọ́wọ́ ẹ̀.

"Mo ṣe bí ẹni tó ń wá ilé. Mo ní irú èèyàn wo ló ń gbé ẹ̀yìnkùlé wọn. Ìyá náà yin ọmọkùnrin yẹn. Ó ní kò mutí. Ó ní kì í pariwo. Ó ní láti ìgbà tó ti dé, kò gbé ohùn sókè sí ìyàwó ẹ̀ rí. Ó ní ìyàwó náà ò ṣeé fi ṣeré, pé ọwọ́ ẹ̀ mọ́, oúnjẹ ẹ̀ dùn." Ó wo ọmọ ẹ̀. "Sìlí, mi ò sọ pé kí ọkùnrin má fẹ́ méjì. Ẹ̀sìn mi gbà á. Ẹni tó wá fi ìyálé pamọ́ fún bàbá ìyàwó, irú èèyàn wo nìyẹn?"

Sìlífátù kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo ẹ̀. Kò fi ọ̀kan pamọ́. Ó sọ ti àpọ́n tí ìyá onílé ò gbà, ó sọ bí òun ṣe bẹ Rhoda, ó sọ ti kọ́tìnnì pàápàá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó bi í. Jímọ̀ ò dá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

"Ìwọ lo rán an?" ló bi í nígbà tó parí.

"Èmi ni, Bàbá."

Sìlífátù ti ń retí ìgbátí. Ohun tó gbọ́ yàtọ̀.

"Ìwọ nìkan ni mo ní," ni Jímọ̀ wí. "Pe Rhoda wá. Kó mú Bíbélì ẹ̀ dání, kó dúró síwájú mi níbí, kó búra pé òun kì í ṣe aya ọmọkùnrin yẹn. Bó bá ti búra, mo ti gbàgbé ẹ̀. Èmi fúnra mi á lọ bá ìyá onílé, àgbà á bá àgbà sọ̀rọ̀, á sì gbọ́. Lọ́jọ́ Friday àkọ́kọ́ lẹ́yìn Ìgògò, kí àwọn ará Ìdógùn máa bọ̀."

Sìlífátù ò mọ̀ bóyá ó dúpẹ́. Ó sáré dé ọsibítù láìwọ bàtà tó bára mu. Rhoda wà nídìí ìkòkò ògì, ó ń ro ó. Inú ẹ̀ dùn láti rí ọ̀rẹ́ ẹ̀. Sìlífátù ń mí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ ọ́ pọ̀: bàbá mi ti gbọ́, kò bínú, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù, ìwọ lo máa sọ ọ́, wá ká lọ.

Ọwọ́ Rhoda dúró lórí omorógùn.

"Sìlí, mi ò lè búra."

"Kí ló dé? Ṣé ìyàwó ẹ̀ ni ọ́ ni?"

"Rárá o. Kò fọwọ́ kàn mí rí. Kò sọ ọ̀rọ̀ kankan fún mi tí kò ṣeé sọ níwájú ẹ."

"Kí wá ló máa ṣòro níbẹ̀? Ohun tó o sọ yìí náà ni kó o wá sọ."

"Màá sọ ọ́. Ẹ má kàn gbé Bíbélì lé mi lọ́wọ́." Omi ti ń bọ́ lójú ẹ̀, ó sì ń fi apá nù ún kó má kán sínú ògì àwọn aláìsàn. "Mo sọ fún ẹ nígbà yẹn, Sìlí. Mo sọ fún ẹ."

Sìlífátù dúró síbẹ̀. Ó fẹ́ gbá a létí, ó fẹ́ gbá a mọ́ra. Kò ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ó kọjú sí ọ̀nà Ìdáṣẹn, ó ń rìn, ó sì ń bá ara ẹ̀ sọ̀rọ̀ pé kò sí nǹkan, pé Rhoda bẹ̀rù Ọlọ́run jù ni, pé bí òun bá ti fojú kan Múyìwá, gbogbo ẹ̀ á yanjú.

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa rìn dé iwájú ilé náà gan-an. Ìyá Oyèkẹ́ wà lórí àpótí níwájú ilé, ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí.

"Ẹ káàbọ̀ o, ọmọ mi. Ìyàwó ti lọ síbi iṣẹ́ o. Ṣé ẹ̀gbọ́n ni àbí àbúrò?"

"Àbúrò ni, mà," ni Sìlífátù wí. "Bọ̀dá ni mo wá rí."

Múyìwá jáde sí i. Nígbà tó rí i, ojú ẹ̀ tàn, ẹ̀rù sì bà á lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n bọ́ sí òdìkejì títì, lábẹ́ igi kájú, níbi tí ìyá náà ò ti lè gbọ́ wọn. Láti ibẹ̀ ni Sìlífátù ti rí kọ́tìnnì ẹ̀ lójú wíńdò. Ó bá wíńdò náà mu, kò gùn, kò kúrú. Rhoda gé e dáadáa.

Gbogbo ohun tó fẹ́ sọ nípa ìbúra àti nípa bàbá ẹ̀ ló pòórá lẹ́nu ẹ̀. Nǹkan mìíràn ló bi í.

"Bọ̀dá Múyìwá, nígbà tí ìyá yìí lọ sí Ìfọ̀n, ta ló ń dáná fún yín?"

Múyìwá wolẹ̀.

"Rhoda wá?"

"Ó wá."

"Ìyá onílé ò sí nílé. Ta ló fẹ́ fi ara hàn fún?"

"Kò sẹ́nì kankan." Ó gbé ojú sókè. "Sìlí, kò sí nǹkan láàárín wa. Ohun tó o bá ní kí n fi búra, màá fi búra."

"Mo mọ̀. Òun náà sọ pé kò sí. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Mi ò mọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀." Ó ti ń sunkún, ọkùnrin gìdìgbà bẹ́ẹ̀, lójú títì, lọ́sàn-án gangan. "Ìwọ ni mò ń fẹ́. Ìwọ ni mo wá ilé yìí fún. Mo kàn máa ń... bí ọjọ́ ìsinmi ẹ̀ bá ku ọ̀la, mo máa ń gbálẹ̀."

Sìlífátù gbọ́ ọ, ó sì mọ̀ pé òun ò ní gbọ́ ohun tó burú jù ú lọ mọ́. Bó bá jẹ́ pé wọ́n sùn pọ̀ ni, ì bá bínú. Ẹni tó bá bínú, ó ṣì lè dárí jì. Èwo ni kó wá bínú sí nínú ilẹ̀ gbígbá?

"Ẹ̀yin méjèèjì ò parọ́ fún ìyá onílé mọ́ nìyẹn," ló wí.

"Sọ pé kí n má jẹ́ kó wá mọ́. Sọ ọ́ báyìí, kò ní tẹ ibí mọ́. Èmi á wá búra fún Bàbá fúnra mi."

Ó fẹ́ sọ ọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ó ti kúrò lọ́kàn ẹ̀. Ó fẹ́ ọmọkùnrin yìí débi tí àyà ń dùn ún bí ẹni gbé ẹrù gòkè. Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n ẹ̀. Àmọ́ ó wo òdìkejì títì, ó wo ilé tó ti fi ojú inú tò tán. Ó rí i pé bí òun bá wọ ibẹ̀, òun ló máa béèrè ibi tí iyọ̀ wà, ọkọ òun ló sì máa fi hàn án. Inú ilé ara ẹ̀, àlejò ni yóò jẹ́. Rhoda á sì wà nídìí ìkòkò ọsibítù, kò ní lọ́kọ, kò ní lọ́rẹ̀ẹ́, orí tí wọ́n ti gbàdúrà sí á máa wolẹ̀.

"Ẹ lọ bá àwọn ará ilé Rhoda ní Ìpele," ló sọ fún un. "Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ kí wọ́n má lọ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí wọ́n máa pè é níyàwó."

"Ìwọ ńkọ́?"

Sìlífátù sọdá títì. Ó kí ìyá Oyèkẹ́ pé ó dàbọ̀, ìyá náà ní kó kí ilé, ó sì ń lọ. Múyìwá pe orúkọ ẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Bó bá tún pè é lẹ́ẹ̀kan sí i ni, bóyá ì bá yíjú padà. Kò pè é mọ́.

Jímọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí ẹni méjì. Ó rí ẹyọ kan.

"Rhoda dà?"

"Kò ní wá, Bàbá."

Jímọ̀ wo ojú ẹ̀, kò sì béèrè ìdí. Ó bọ́ sínú ilé, ó jẹ́ kí ọmọ ẹ̀ jókòó sídìí máṣìnnì tí kò ní iṣẹ́ kankan lórí, kó sunkún tó fẹ́ sun.

Ìgògò kọjá, fìlà padà sórí àwọn èèyàn. Kí ọdún tó parí, wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó Rhoda àti Múyìwá ní Ìpele, ayẹyẹ kékeré. Ó ránṣẹ́ pe Sìlífátù, Sìlífátù fi fìlà ọkọ ìyàwó ránṣẹ́, ó ní ara òun ò yá. Kò nílò àtiwọn orí ẹ̀ mọ́. Àwọn èèyàn Hàmídù náà wá láti Ìkàrẹ́, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n dọ̀bálẹ̀, Sìlífátù ní òun gbà. Kò sẹ́ni tó fipá mú un. Jímọ̀ bi í lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì ní òun gbà lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹni jẹ́jẹ́ ni Hàmídù, mo ti sọ bẹ́ẹ̀. Ó ránṣẹ́ pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ilé òun tán, pé yàrá pọ̀ níbẹ̀, kí ìyàwó wá rìn yí ká kí wọ́n tó gbé e wọlé, kó mú èyí tó bá wù ú, kó sọ àwọ̀ ọ̀dà tó fẹ́. Inú Jímọ̀ dùn sí i. Ó wọlé wá bá ọmọ ẹ̀ níbi tó ti ń di ẹrù.

"Ó dáa kéèyàn rí ibi tó máa gbé," ló wí. "Má jẹ́ kó pẹ́. Lọ wò ó."

Sìlífátù ń ká aṣọ, kò gbé ojú sókè.

"Kí wọ́n fún mi ní èyí tó bá kù, Bàbá," ló wí. "Mi ò wá ilé mọ́."